Ọ́ìlì Kọ̀, Kò Gòkè

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a sítáàtì ẹ́ńjìnì katakata náà ló dáhùn. Ohùn rẹ̀ dùn, èéfín rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí tiwọn rò, nítorí abẹ́rẹ́ géèjì ọ́ìlì dùbúlẹ̀ sórí òdo bí ọ̀lẹ. Bọ̀ọ̀dá mi ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, ó pa á. Bí ọ́ìlì kò bá gòkè, irin á máa jẹ irin ni, ẹ́ńjìnì tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tú palẹ̀ tí a tún tò yóò sì bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Mo mirí. Mo tún mí kanlẹ̀, kí ìyàwó Bọ̀ọ̀dá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èémí yẹn. Láti èṣí ni ojú Bọ̀ọ̀dá ti ń ṣe bàìbàì. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, èmi náà ni mo sọ fún ìyàwó rẹ̀, tàánútàánú. Àánú mi ò sì mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn àti gbogbo ẹbí. Ẹbí wá fẹnu kò pé ẹ́ńjìnì yìí ni ìdánwò. Bí a kò bá rí àléébù kankan níbẹ̀, kí Bọ̀ọ̀dá máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a bá rí i, kó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún èmi àbúrò rẹ̀, tí mo ti ń ṣe igbákejì láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ọlọ́run mọ̀ pé n kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo kàn ń dárúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

"Ọkọ mi," ìyàwó Bọ̀ọ̀dá pè mí, "ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, ìyàwó wa. Ojú Bọ̀ọ̀dá náà ni..." Mo dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò parí máa ń rìn jìnnà.

Mo yíjú sí Bọ̀ọ̀dá. "Bíárìn tó gbé ọ̀pá inú ẹ́ńjìnì ni. Àyè tí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ ò lè rí i ni."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ọ́ìlì fúnra rẹ̀."

Ó yọ géèjì, ó fi òmíràn sí i. Òdo náà ni. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi àtàǹpàkò ra á wò: ó kún dé ojú ìwọ̀n, omi ò sì sí nínú rẹ̀. Ó tú páìpù ẹ̀gbẹ́ àsẹ́ ọ́ìlì, ó ní kí n yí ẹ́ńjìnì díẹ̀. Ọ́ìlì tú yàà sí i lọ́wọ́.

"Pọ́ǹpù ń fà," ó ní. "Ọ́ìlì ń jáde nílé, kò kàn dé ibi tí a rán an ni. Ó ń yà lọ́nà."

Ẹnu mi ò kúrò lórí bíárìn. Bọ̀ọ̀dá tú ìdérí iwájú ẹ́ńjìnì, ó ti ìka bọ inú òkùnkùn ẹ̀yìn àwọn jíà, ó ń tọ́ irin wò díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń wá eyín tuntun lẹ́nu ọmọ. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ dúró.

"Fọwọ́ kan ibí."

Mo fọwọ́ kàn án. Ihò ni, ihò tó mọ́ tónítóní, tó yẹ kí èdídí onírin kékeré wà lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń fà ti ń ṣubú padà sísàlẹ̀.

"Ta ló fọ inú ẹ́ńjìnì?" Bọ̀ọ̀dá bi mí jẹ́jẹ́.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa: ẹni tó bá yọ èdídí láti fọ ihò ni yóò dá a padà, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ bá a fọwọ́ sí i. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi fọ̀ ọ́, torí mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí rí i pé bí ẹ́ńjìnì bá kọ̀, kò lè jẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo lọ sídìí àpótí irinṣẹ́ mi. Èdídí náà wà níbẹ̀, mo ti fi bébà wé e, mo sì ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí i lára pé: Má gbàgbé.

Bọ̀ọ̀dá gbà á, ó fi dí ihò náà, a dá ìdérí padà, a tún sítáàtì. Abẹ́rẹ́ dìde, ó sì dúró ṣinṣin. Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn wa.

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Ẹ lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Bọ̀ọ̀dá ló yá jù mí lọ.

"Èdídí kan ni mi ò fi sí i," ó ní. "Mi ò rí i. Òótọ́ lẹ sọ, ojú yìí ti lọ."

Ó tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò nídìí bẹ́líìtì rẹ̀, ó nà án sí mi. Ìyàwó rẹ̀ nu ojú. "Ọkọ mi," ó ní, "ẹ ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́."

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gba kọ́kọ́rọ́ náà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yíjú, mo rọra bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ purọ́?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ọ́," ó ní, ó ń nu ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́. "Máa mú un lọ. Láti òní lọ, bí ọ́ìlì bá kọ̀, kò sí ojú ẹlòmíràn tí wàá rí tọ́ka sí."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sára ògiri, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń lọ. Mo dúró ti ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀rù ń bà mí.