Manase Kò Gbàgbé Tán

Ọmọ tuntun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kò tíì lórúkọ, nítorí náà Àlejò ni gbogbo ará àdúgbò ń pè é. Ọ̀la ni wọn yóò sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, nu epo ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó sì yọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Manase ni," ó ní. "Orúkọ Hébérù ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni 'ẹni tó ń múni gbàgbé'. Jósẹ́fù ló sọ àkọ́bí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ àjèjì, ó ní Ọlọ́run ti mú kí òun gbàgbé làálàá òun àti gbogbo ilé bàbá òun."

Ìyàwó gbé ọmọ sí èjìká kejì. "Ilé bàbá, àbí? Ẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe òkò tí ẹ máa sọ lu bàbá yín."

"Ta ló dárúkọ bàbá mi?"

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ kàn fi Hébérù bò ó lórí ni."

Ọkọ tún mú àkísà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ kan, lójú àwọn oníbàárà, bàbá náà gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní irú ọwọ́ yìí, òkúta ló yẹ kó máa fọ́. Ọmọkùnrin náà di ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó kò tilẹ̀ mọ ojú bàbá ọkọ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, orúkọ yìí yóò sọ ọmọ di àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé bàbá àgbà rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá Télọ̀, aránṣọ òdìkejì títì, fi gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé. "Dókítà, aláìsàn dé o! Ó ń fo ojú ìránṣọ bí ewúrẹ́."

Ọkùnrin náà fi ẹnu sukudiráfà kan ara ẹ̀rọ, ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, ó wá ń rọra yí àgbá ẹ̀rọ. Irin a máa gbé ohùn ju afẹ́fẹ́ lọ; ohun tí etí lásán kò gbọ́, yóò dé orí ẹni.

Ìyá Télọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Bàbá mi." Ọ̀rọ̀ náà ti já bọ́ kó tó mọ̀.

"Manase!" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe láti inú yàrá. "Ẹni tó gbàgbé!"

Nígbà tí wọ́n ro ẹjọ́ fún Ìyá Télọ̀, tó ti kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì títí irun fi funfun, ó mi orí. "Orúkọ náà dáa. Ìwọ ni o tètè pa ìwé dé. Jósẹ́fù kan náà ló mú Manase lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ nígbà tí ojú bàbá ti di bàìbàì. Bàbá fi ẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu, ó gbá a mọ́ra. Ṣé ẹni tó gbàgbé ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn?"

Ọkùnrin náà di nọ́ọ̀tì kan lára ẹ̀rọ, ó tú u, ó tún dì í. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù, ó pe bàbá rẹ̀, ó sì fi ohùn rẹ̀ síta.

"Ẹ káàsán, bàbá. Èmi ni."

Ìyá Télọ̀, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, yí àgbá ẹ̀rọ wò, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Dá ẹ̀rọ yẹn dúró!" ni bàbá sọ. "Ìsàlẹ̀ bọ́bìnì ló ń mì."

Ọkùnrin náà wo abẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí bọ́bìnì ti ń tú òwú. Nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ti dẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ ṣe figbe ta nìyẹn.

"Ẹ̀rọ wo tún nìyẹn?"

"Ọmọ-ọmọ yín ni, bàbá. Manase la fẹ́ sọ ọ́."

Bàbá tún orúkọ náà pè. Òun náà mọ Bíbélì. "Ṣé làálàá ni kó mú ẹ gbàgbé, àbí èmi?"

Ìyàwó ti gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà.

"Làálàá ni, bàbá. Kó mú ẹ̀yin náà gbàgbé tiyín."

"Ó dáa. Mò ń bọ̀ lọ́la." Ó wúkọ́. "Má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì yẹn kí n tó dé."

"Ẹ gbà mí o!" ni Ìyá Télọ̀ wí. "Aṣọ oníbàárà mi ńkọ́?"