Ìṣáná Tó Kù Nínú Páálí

"Àǹtí, iná tún ti kú o!"

Kíláàsì karùn-ún tó yí igi ìdáná ká bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn ò rẹ́rìn-ín. Ìṣáná méjì ti lọ lásán, ẹyọ kan péré ló kù nínú páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, páálí tó bá nínú àpò ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú.

Ọkọ yìí ló ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Eléérú ni wọ́n ń pè é, torí ẹ̀yìn ilé-ìwé, nídìí iná, ló ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì: wọn a ka igi, wọn a wọn omi, wọn a ṣírò iye ìṣẹ́jú tí omi fi hó.

Ọ̀gá ilé-ìwé ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ìyàwó Eléérú, bí agogo bá lù tí iná yìí ò tíì ràn, inú kíláàsì lẹ ó máa kọ́ wọn láti òní lọ. Ìwé kì í kó èéfín sí èèyàn lójú."

"Oorun ló ń kó sí wọn lójú ní tiẹ̀, mà."

Ẹnu olùkọ́ le, àmọ́ kò ṣá ìṣáná tó kù. Ó fẹ́ pa páálí náà dé. Òórùn ọkọ rẹ̀ ti kúrò lára gbogbo ẹ̀wù; ẹyọ ìṣáná yìí nìkan ni ohun tí ọwọ́ ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Bó bá ṣá a, kí ló kù?

Ọmọbìnrin tínínrín kan tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ ti igi náà. "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ ti há igi yìí mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀. Tísà wa ní iná ń mí bí èèyàn."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojoojúmọ́! Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun. Ó ní kóun tó fẹ́ yín, èéfín lásán lòun ń dá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu olùkọ́ kó tó mọ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ọkọ rẹ̀ ò sọ èyí fún un rí, alágídí ọkùnrin! Ó fa igi méjì yọ. Ó ṣá ìṣáná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó tì í sábẹ́ ewé gbígbẹ.

Iná ràn. Agogo lù.

Ọ̀gá wo iná, ó wo olùkọ́. "Bí ẹ bá parí, ẹ rí i pé ẹ bu omi pa á," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Olùkọ́ wo páálí òfìfo náà títí. Lẹ́yìn náà ló tì í sáàárín igi tó ń jó.

"Ẹ gbé ìkòkò omi wá," ló wí. "Ta ló ń wo aago?"