Ẹnu Ọ̀nà Tí Kì Í Dáhùn

Àlejò tí a kò fẹ́, ẹnu ọ̀nà là á ti í dá a padà. A kì í gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ká wá lọ dà á sí kòtò lẹ́yìn ilé. Ìyá Fúnmilọ́lá kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Àmọ́ nígbà tó ń to ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì fún ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń bá ṣiṣẹ́ l'Effurun, ohun tó ṣe gan-an nìyẹn.

Ìdọ̀tí ímeèlì ló sú u. Àwọn oníjìbìtì ń pa orúkọ dà bí agẹmọ: lónìí wọ́n á ní báńkì làwọn, lọ́la wọ́n á ní oògùn làwọn ń tà. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí wọ́n pa orúkọ dà tó, dandan ni kí wọ́n kọ orúkọ ìkànnì tí wọ́n fẹ́ kéèyàn yà sí. Àwọn kan lókè òkun ń kó orúkọ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ jọ. Fúnmilọ́lá so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ àkójọ wọn, ó sì pàṣẹ fún un pé ímeèlì yòówù tó bá dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, kó gbé e mì, kó má wí nǹkan kan fún ẹni tó fi í ránṣẹ́. Gbogbo ọ́fíìsì ló yìn ín.

Ìgbà náà ni àwọn ọmọ oníbọn inú odò ń jí àwọn èèyàn gbé. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé ẹni tó ń wà á, Babátúnjí, ẹ̀gbọ́n Fúnmilọ́lá, ọmọ ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù ọ̀gá, Ọ̀gbẹ́ni Obadiah, dún. Ohùn inú rẹ̀ ń ké débi pé gbogbo yàrá ń gbọ́ ọ.

"Oga, una get coconut head o! We don send picture for email tey-tey, una no answer! If sun go down today, make una no find am again."

Ọ̀gá fọwọ́ bo fóònù. "Wọn ò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Fúnmi, àbí o rí i?"

"Ẹ bi wọ́n, sà, ìkànnì wo ni wọ́n gbé fọ́tò náà sí?"

Ọkùnrin náà dárúkọ ìkànnì ọ̀fẹ́ kan tí èèyàn ń gbé fọ́tò sí, tí tolè-tọ̀daràn ń lò. Fúnmilọ́lá mọ ìkànnì náà. Ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti wà nínú àkójọ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

"Sà, ẹ̀rọ mi ló gbé e mì. Ẹ ní kí wọ́n tún fi í ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Ó ṣílẹ̀kùn fún ìkànnì yẹn nìkan. Ìdọ̀tí ya wọlé bí àgbàrá. Ìròyìn ti kan gbogbo Warri, nítorí náà èèyàn méjì ló kọ̀wé pé ọwọ́ àwọn ni Babátúnjí wà, fọ́tò tí àwọn méjèèjì fi ránṣẹ́ kò sì fi ojú hàn dáadáa. Ìbéèrè kan náà ni Fúnmilọ́lá bi wọ́n: báwo ni ìyá rẹ̀ ṣe ń kì í?

Kíá ni ẹnì kan fi nọ́ńbà àkáǹtì fèsì. Ẹnì kejì kò dáhùn. Oòrùn ń wọ̀. Sáàmù ò kúrò lẹ́nu Fúnmilọ́lá.

Nígbà tó yá, èsì dé: "He say na Alani, pikin wey talk to river make river quiet. Him dey cry as e dey talk am. Who be this Alani sef?"

"Òun ni, sà!" ni Fúnmilọ́lá ké. Ọ̀gá Obadiah sì gbé fóònù, ó bá wọn dúnàádúrà owó ìtúsílẹ̀.

Nígbà tí Babátúnjí dé, ó ti rù. Ó jẹun tán, ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn bú yín o! Wọ́n ní ọ́fíìsì wa dà bí ògiri: èèyàn á máa sọ̀rọ̀, ògiri á kàn máa wò."

Fúnmilọ́lá kúnlẹ̀. "Bọ̀dá mi, èmi ni ògiri yẹn."

Babátúnjí di apá rẹ̀ mú. "Dìde," ló sọ. "Kó o lọ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Àkójọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ bá dá padà lónìí, ọ̀rọ̀ kan máa ń bá a lọ: "A kò lè gba èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá."