Ìlà Tí Ìyá Ìwé Fò

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ wá ibi jókòó, kẹ́ ẹ fi etí méjèèjì gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn, àmọ́ ó wúwo.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá, ìdí káńtà ló máa ń wà ní tésàn. Ìyá Ìwé ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń tọ́jú ìwé gbàǹgbà tí wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sí: ẹni tó wọlé, ẹni tó jáde, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, aago mélòó. Ìwé yẹn ní òfin tiẹ̀ o. Wọn kì í pa nǹkan rẹ́ nínú ẹ̀, wọn kì í ya ewé ẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fo ìlà kankan. Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá dà bí àtẹ̀gùn. Kọ́púrà ń jíhìn fún sájẹ́ǹtì, sájẹ́ǹtì fún ọ̀gá tésàn, ọ̀gá tésàn fún ọ̀gá àgbègbè, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá pátápátá ní hẹ́díkọ́tà. Kálukú ń wòkè. Ìwé yẹn nìkan ni kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ Ìyá Ìwé ní àṣà kan. Ọ̀gá tésàn kì í tètè dé. Ní àràárọ̀, Ìyá Ìwé á fo ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún un, kó lè wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago méje lòún dé. Sájẹ́ǹtì tó fa káńtà lé e lọ́wọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló pè é, òun náà sì gbà pé ọ̀wọ̀ ni.

Ọjọ́ Túsìdeè kan, wọ́n mú wẹ́dà kan tó ń jó irin wá, wọ́n ní ẹ̀rọ ẹ̀ ń pariwo jù. Wọ́n tì í mọ́lé. Lọ́jọ́ kejì, láago méjìlá ọ̀sán, ọ̀gá ní kí wọ́n mú un wá sí ọ́fíìsì òun. Ìgbà tó máa jáde, apá ẹ̀ ọ̀tún ti ń fì dirodiro, ó ti kán. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ. Ìyá Ìwé wà ní káńtà, ó rí i kòrókòró.

Nígbà tó ṣí ìwé láàárọ̀ Tọ́sìdeè, ọ̀gá ti kọ nǹkan sí ìlà tó fò lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Kì í ṣe pé òun dé. Ó kọ ọ́ pé láago méje àárọ̀, wọ́n tú wẹ́dà sílẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ ò rí nǹkan? Tó bá ti lọ láago méje, a jẹ́ pé ìta ló ti lọ kán lápá nìyẹn.

Ìyàwó wẹ́dà ò pariwo. Ṣe ló fo tésàn, ó kọ̀wé sí àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n bá fi kan ọlọ́pàá ní hẹ́díkọ́tà, àwọn tí kì í jíhìn fún ọ̀gá tésàn kankan. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Kọ́púrà tó máa ń bá Ìyá Ìwé jẹun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì wá gbà á nímọ̀ràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà sọ pé ojú ń dùn yín lọ́jọ́ yẹn. Ta ló fẹ́ bi ojú léèrè?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àrínkẹ́yìn wọn nìyẹn.

Ọ̀gá náà pè é wọlé. Kò jágbe, ohùn ẹ̀ tutù.

"Ìyá Ìwé, ta ló fo ìlà yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Àní kó o mọ̀. Tó o bá ní mo parọ́, ìwọ lo fún irọ́ láyè ìjókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé. Yàrá kan ló ń gbé ní bárékè, òun nìkan. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ìyẹn ní kó ronú iṣẹ́ ẹ̀, kó má fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ara ẹ̀, ó sì yára sọ pé omi òún ń hó lórí iná.

Ní Mọ́ńdè, ìyá àgbàlagbà kan dé láti hẹ́díkọ́tà, awò ojú ẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Ó ṣí ìwé, ó fìka sórí ìlà yẹn, ó wo Ìyá Ìwé.

Ìyá Ìwé ní, "Èmi ni mo fò ó, mà. Ó pẹ́ tí mo ti ń fò ó. Àmọ́ láago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wẹ́dà wà níbí. Mo rí i nígbà tó wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá, mo tún rí i nígbà tó jáde."

Wọ́n dá ọ̀gá dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹjọ́ ẹ̀ sì ti wà ní kóòtù. Wọ́n já ìlà kan kúrò ní apá aṣọ Ìyá Ìwé náà, torí ìlà tó ń fò láti ọjọ́ yìí wá. Kò jiyàn.

Kọ́púrà ti gbé oúnjẹ ẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé báyìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ ẹjọ́ tèmi lẹ máa rò lọ́la." Àwọn yòókù ń kí i, àmọ́ wọn kì í dúró. Ìyàwó wẹ́dà wá gba bàtà ọkọ ẹ̀ ní káńtà. Kò mọ̀ pé Ìyá Ìwé ló sọ̀rọ̀. Yunifọ́ọ̀mù nìkan ló rí, ó mú bàtà, ó ṣíjú kúrò. Ìyá Ìwé ṣí ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti wá gba bàtà. Nígbà tó délé, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn nìkan ló dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ọ yìí ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin lẹ wà nídìí káńtà yẹn, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ tiyín náà ò mọ́, kí lẹ̀ bá sọ fún ìyá tó wá láti hẹ́díkọ́tà yẹn?