Ìmọ̀ràn Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Nígbà náà, bàbá onílé ṣì wà láyé. Ìyá tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ náà ṣì wà, kò tíì sí lára àwọn tí à ń pè ní olóògbé. Àwọn méjèèjì ló sáré gòkè nígbà tí wọ́n gbọ́ tí Bàbá Tàdáwà ń pariwo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Ọkùnrin tí kì í jágbe mọ́ adìẹ!

"Ṣé ilé ló ń jó ni?" bàbá onílé béèrè.

"Ilé ò jó, èmi ni mò ń jó!" Bàbá Tàdáwà ti ju àpò rẹ̀ sórí àga, ó dúró láàárín pálọ̀, èékánná rẹ̀ dúdú bó ṣe máa ń dúdú. Ilé ìtẹ̀wé ló ti lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ àti ìgbà àgbà rẹ̀, tàdáwà ibẹ̀ kò sì gbọ́ ọṣẹ. "Wọ́n lé mi. Wọ́n lé mi bí ẹni lé ewúrẹ́ nídìí èèpo iṣu."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọjú sí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí wọ́n rán an níléèwé títí ó fi di ẹni tí ń kọ̀wé sórí ẹ̀rọ ayélujára. Búlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́ tí wọ́n sì ń dáni dúró, ohun tó rí níbẹ̀ ló fi ń gba àwọn ọ̀gá nímọ̀ràn: bí a ṣe ń mọ ẹni tó yẹ ká gbà, bí a ṣe ń parí ìjà àwọn òṣìṣẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń kà á. Bàbá Tàdáwà á na fóònù jìnnà sí ojú, á máa kà á sókè bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sọ ọ́ ní Ìyá Ìmọ̀ràn. Ọmọ náà bá fi yẹ̀yẹ́ ọ̀hún ṣe orúkọ búlọ́ọ̀gì rẹ̀, orúkọ náà sì ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn.

"Bàbá, ẹ jókòó ná," Ìyá Ìmọ̀ràn ní. "Kí lẹ ṣe fún wọn?"

"Iṣẹ́ ni mo ṣe fún wọn! Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ní àwọn ò nílò mi mọ́. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ̀rọ kì í jẹun, kì í ṣàìsàn, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró títí gbogbo èèyàn fi lọ tán kí wọ́n tó pè mí. Aṣọ́nà ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn bí ẹni mú olè. Ife tíì mi wà nínú ibẹ̀, bàtà mi wà níbẹ̀. N ò dágbére fún ẹnì kankan! Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á ní bàbá dà?"

"Ẹranko ni ọ̀gá yín!" Ìyá Ìmọ̀ràn ti fò dìde. "Ta ló ń ṣe báyẹn sí ọmọ èèyàn?"

Bàbá Tàdáwà tẹjú mọ́ ọn.

Ní Sátidé, ó pe ọ̀gá rẹ̀ títí, ọ̀gá ò gbé e. Ní Sọ́ńdè, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó tún bọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. "Baálé mi, ẹ fẹnu kàn án." "Gbé e kúrò níbẹ̀! Ìbínú ti yó mi."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Ìyá Ìmọ̀ràn mú un lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ìró ẹ̀rọ ń mi ògiri. Ọ̀gá, ọkùnrin kan tí Bàbá Tàdáwà lè bí lọ́mọ, na ọwọ́ méjèèjì sí obìnrin náà.

"Ìyá Ìmọ̀ràn! Ẹ̀yin fúnra yín! Kò sí èyí tẹ́ ẹ kọ tí n kì í kà."

"Bàbá mi rèé," ó ní.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, n ò mọ̀ pé bàbá yín ni."

"Bí kì í bá ṣe bàbá mi, ṣé kì í ṣe bàbá ẹnì kan ni? Ẹ̀kọ́ ta ni kí wọ́n máa lé àgbàlagbà báyẹn?"

"Ẹ̀kọ́ yín ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láìwòwé. "'Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni kẹ́ ẹ sọ fún un, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti lọ. Ẹ má jẹ́ kó dágbére, nítorí ẹkún a máa ràn. Ẹ má gbé ìpè rẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ á ti wálẹ̀.' Ṣé irọ́ ni mo pa mọ́ yín?"

Kò parọ́. Èyí gan-an làwọn ọ̀gá yìn jù, èyí ló sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Ó yíjú sí Bàbá Tàdáwà. "Bàbá, ẹ̀yin náà kà á?"

"Mo kà á. Mo kà á sétí ìyá rẹ. Mo ní, ẹ wò ó bí ọmọ mi ṣe gbọ́n." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé èmi lò ń sọ. Inú ń bí mi sí ọ, ọmọ yìí. Inú ń bí mi sí ọ ju ẹni tó lé mi lọ."

Ìyá Ìmọ̀ràn fọwọ́ gbá tábìlì ọ̀gá. "Ẹ jẹ́ kí bàbá wọlé lọ dágbére!"

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà kọ ọ́ pé—"

"Mo mọ ohun tí mo kọ! Ìwà ìkà ni mo kọ!"

Ọ̀gá kò gbà. Inú ọ̀rá ni aṣọ́nà ti kó ife àti bàtà fún wọn ní géètì.

Bàbá Tàdáwà kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá Ìmọ̀ràn kọ ọ́ sí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ pé ìmọ̀ràn ọjọ́ Ẹtì kò dáa, kí ẹni tó ń lò ó jáwọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá bú u, ìpè sí ìpàdé wọn gbẹ. Ó ń kọ̀wé lọ, ìbínú ló sì fi ń kọ ọ́. Nígbà tí ìbínú náà sú u, ó gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lọ bá bàbá, ó kúnlẹ̀, ó na fóònù sí i.

Bàbá Tàdáwà kà á dé ìdajì. "Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́?"

Ìyá Ìmọ̀ràn gba fóònù padà, ó pa ìlà méjì rẹ́, ó tún un kọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí tó jáde tí kò kọ́kọ́ gba abẹ́ ìbéèrè yẹn kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá wá ń kà á.

Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni Bàbá Tàdáwà kú, lórí ibùsùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé, kò sì sẹ́ni tó tọrọ àyè. Àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ pa ẹ̀rọ, wọ́n tò wá sílé nínú aṣọ iṣẹ́, tàdáwà lọ́wọ́ wọn.

Fóònù Ìyá Ìmọ̀ràn dún. Ọ̀gá ni. "Ẹ kú àfẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti dúró. Kí wọ́n ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì."

Ìyá Ìmọ̀ràn kò pa ìpè náà. Ó gbé fóònù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì bàbá, kí ọ̀gá lè máa gbọ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ní, "Bàbá, ó dàárọ̀ o."