Ta Ló Lọ sí Máàsì?

Nínú ìtàn tí Kẹ́hìndé kọ, obìnrin kan jókòó sí yàrá ní Igbó-Ọrà, ó ń darí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé ìkejì rẹ̀, tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì, lọ sí plánẹ́ẹ̀tì Máàsì. Ìkejì dákú lójú ọ̀nà. Ẹni tó wà nílé ló gbé ọkọ̀ náà gúnlẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣa ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì jọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìbàràpá ránṣẹ́ pè é sí Èrúwà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: arìnrìn-àjò òfuurufú ni olú ẹ̀dá ìtàn gbọ́dọ̀ jẹ́. Táyé, ìkejì Kẹ́hìndé, ló pọ̀n ọ́n wọ gbọ̀ngàn. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú Kẹ́hìndé láti ọmọ ọdún méjì. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Zachariah Ògúnrìndé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìwé náà sókè.

"Ìtàn yìí dùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó jókòó yìí, ibo ló rìn dé?"

"Òun ló rán ìkejì rẹ̀, sà. Ẹni tó ránni níṣẹ́ ló niṣẹ́."

"Ó dáa. Mo rán ọlọ́kadà lọ sí Láńlátẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ṣé èmi náà ti dé Láńlátẹ̀ nìyẹn?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìbejì ni wọ́n, sà. Ta ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ní í rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò? Táyé ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n tí kò lè dìde kí àlejò," ni alága wí. Ẹ̀rín tún sọ.

Kẹ́hìndé jẹ́ kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀ ná. "Ẹ bi Táyé. Láti kékeré ni mo ti ń rán an, kò yí iṣẹ́ mi padà rí."

"Ohun tí Táyé bá sọ labẹ gé. Ṣé o gbà?"

"Mo gbà, sà."

Táyé dìde. "Ẹni tó lọ ni arìnrìn-àjò."

"Táyé!"

"Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń pọ̀n ọ́. Mo pọ̀n ọ́ lọ síléèwé, mo pọ̀n ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi gan-an, mo pọ̀n ọ́. Máàsì tí ẹnikẹ́ni ò dé rí, o tún fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Alága mú bírò pupa. Ó ní ìkejì inú ìtàn kò ní í dákú mọ́. Ìkejì náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ẹni tó wà nílé yóò máa gbàdúrà. "Àdúrà kò nílò ẹsẹ̀."

"Ẹ dá ìwé mi padà, sà."

"Ìwé tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́."

Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, Táyé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú àga Kẹ́hìndé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Ó yá, gùn."

Kẹ́hìndé kò mira. Níta, ọlọ́kadà tó ń dúró dè wọ́n ń fọn fèrè. Òjò ti ṣú.

"Ṣé kí n máa lọ ni?"

Kẹ́hìndé fi apá kọ́ ọ lọ́rùn.