Bí Àbúrò Mi Ṣe Lé Òòfà Kúrò Níṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi àbúrò mi yangàn lónìí. Bí mi ò bá fi í yangàn, ta ló kù tí n ó fi yangàn? Télọ̀ ni mí. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ yìí ni mo jókòó sí tí mo fi rán an nílé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí bàbá wa kú, títí ó fi di máníjà bánkì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi gan-an. Ilẹ̀kùn gíláàsì ni wọ́n fi sí i. Bí oòrùn bá ti yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa gún mi lójú, abẹ́rẹ́ a sì máa sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò bínú sí i rí.

Ọkùnrin kan wà nínú bánkì yẹn tí gbogbo wọn ń pè ní Òòfà, nítorí bí òòfà ṣe ń fa irin ló ṣe ń fa oníbàárà. Ẹnu rẹ̀ dùn, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo oníbàárà, ó tún mọ ti ajá wọn. Àbúrò mi ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá ń yin ẹ̀ka wọn ní olú iléeṣẹ́, Òòfà ni wọ́n ń yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Agbẹ̀bí wọ bánkì. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn tó ń rìn ládùúgbò wa, ọwọ́ ìyá náà ló kọ́kọ́ gbà wọ́n sáyé. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó síwájú àbúrò mi, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan.

"Máníjà, mo fẹ́ ra ilé kékeré kan. Alágbàtà tó ń bá onílé tà á ti dá iye kan fún mi, mo sì ti gbà. Lánàá ló pè mí pé iye yẹn ti yí padà. Iye tó wá dá lé e, iye tó wà nínú àkáǹtì mi lọ́dọ̀ yín gẹ́lẹ́ ni, kò lé, kò dín. Àwọn ọmọ mi gan-an ò mọ iye tí mo ní. Ta ló wá ka àpò mi sí alágbàtà létí?"

Àbúrò mi ti fáìlì iwájú rẹ̀ sápá kan. Ó ní òun ò ní dá wọn lóhùn lórí ohun tí òun ò tíì mọ̀, àmọ́ òun ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn.

Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síbi tí àwọn oníbàárà máa ń dúró sí, ó sì rò fún wọn. "Mo lè ní kí kọ̀ǹpútà sọ fún mi," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fẹ́ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Òòfà nìkan ló rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ má jẹ́ kí èyí dà yín láàmú. Àwọn alágbàtà gbọ́n. Wọ́n kàn ń fi ojú díwọ̀n èèyàn ni."

Àwọn kan ti fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Àfi bí kaṣíà tuntun wọn ṣe nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ọmọbìnrin náà kì í sọ̀rọ̀, Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń pè é.

"Mà, mo rí alágbàtà náà. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì Ọ̀gá Òòfà ló jókòó sí, wọ́n sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Orúkọ Ìyá Agbẹ̀bí ni mo rí lórí rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò tíì sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀rù bà mí, mà. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹjọ́ Ọ̀gá Òòfà sùn níbí, wọ́n ní òjòwú ni."

Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ yẹn dun òun ju ẹ̀ṣẹ̀ Òòfà lọ, torí òun fúnra òun lòun pe ẹni náà ní òjòwú.

Ó yíjú sí Òòfà. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbà pé òótọ́ ni, pé alágbàtà náà máa ń fún òun ní tòun nínú èrè, àti pé Ìyá Agbẹ̀bí kọ́ ni àkọ́kọ́.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni àbúrò mi wà nígbà tí ọ̀gá àgbà pè é lórí fóònù láti olú iléeṣẹ́, torí ó ti fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí. Ohùn ọkùnrin náà lọ sókè débi pé mo gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ mi.

"Òṣìṣẹ́ tó wúlò ni. Gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, kí ariwo má bàa ta."

"Sà," àbúrò mi ní, "bí eyín bá jẹrà, a kì í gbé e láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì ẹnu."

"Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ka rẹ máa já wálẹ̀ láìsí i?"

"Mo mọ̀, sà. Bó bá já, àwa náà la máa gbé e dìde."

Sísọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ tí mo máa ń nu imú fún ló ń sọ̀rọ̀ yẹn!

Nírọ̀lẹ́, Òòfà wá bá a nílé. Ojú rẹ̀ ti wú. "Mà, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́."

"Èmi ni. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí. Ìgbìmọ̀ ìbáwí bánkì á gbọ́ tẹnu rẹ. Mi ò ní bu iyọ̀ sí i, mi ò sì ní bu omi là á. Àmọ́ ká tó débẹ̀, èmi àti ìwọ ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí."

Wọ́n lọ. Òòfà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Ìyá Agbẹ̀bí gbọ́ ọ tán, wọ́n dá a lóhùn.

"Ọmọ mi, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wọ yàrá onílé. Mo mọ ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀, mo mọ èyí tí kò jọ ọ́. Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí?"

Ẹkún gba ẹnu Òòfà. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì í, pé àmọ́ àwọn ò lè fi àpò àwọn sí ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n lé Òòfà kúrò níṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ alágbàtà náà tó ọlọ́pàá létí. Àbúrò mi wá pe ẹni tó pè ní òjòwú jáde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹni tó bá rí ohun tí kò tọ́, kó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ èmi lẹ bá nídìí ẹ̀, ẹ sọ ọ́ kíákíá ju ti ẹnikẹ́ni lọ."

Mi ò ní pa irọ́ fún yín pé ó rọrùn. Àwọn olówó kan tẹ̀ lé Òòfà jáde, ẹ̀ka wọn já wálẹ̀ lóòótọ́, oyè tí wọ́n ti ń fojú sọ́nà pé àbúrò mi máa jẹ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àǹtí wa sọ sí i lójú pé, "Bó o bá le tó báyìí, ta ló máa bá ẹ ṣe?" Mo ní, "Èmi ni." Wọ́n ní kí n lọ rán aṣọ mi. Ìyá Agbẹ̀bí rí ilé mìíràn rà lọ́wọ́ onílé fúnra rẹ̀, owó wọn tó ṣẹ́ kù ò sì kúrò ní bánkì náà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwọn wá.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wá bẹ ẹ̀ka náà wò. Ó ń rìn kiri, ó ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ọmọ dáadáa," ó ní, "ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ká jọ da òwò pọ̀. Àkáǹtì rẹ̀ wà níbí. Bá mi wò ó, kí n mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó."

Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dìde dúró. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín wá fúnra wọn. Mi ò lè ṣí i fún yín."

Ọ̀gá àgbà wo Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó wo àbúrò mi. Àbúrò mi rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà.

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo wa níbí, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, sà."

"Ó dáa," ọ̀gá àgbà ní. "Èmi ni mo ṣì í. Ẹ ṣeun."

Bí ó ṣe lọ tán, àbúrò mi sáré sọdá títì wá bá mi láti wá rò ó fún mi. Aṣọ tí mò ń rán fún un ni mo fi wọ̀ ọ́, kí n lè wọn ibi tí ìsẹ́tí rẹ̀ máa dé.

"Dúró jẹ́ẹ́, kí abẹ́rẹ́ má gún ẹ."

"Bọ̀dá, mi ò lè dúró! Ẹ ò rí ọmọ yẹn bó ṣe dúró!"

Ó tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ wọlé, ó sì tún un rò fún òun náà. Mo jẹ́ kó rò ó. Mo jókòó sí ìdí ẹ̀rọ mi, mo ń wò ó, orí mi sì wú débi pé fìlà mi fẹ́ máa há mọ́ mi lórí.